Yìgì Tí Ọkọ Ò Sí Níbẹ̀

Apá rẹ̀ ni Rọ̀kíbátù kọ́kọ́ rí: íǹkì búlúù dé ìgúnpá, bí ẹni pé ọkùnrin náà ti ki ọwọ́ bọ inú sánmà.

Níwájú àgọ́ ọlọ́pàá kan ní Bàríga ni. Àwọn ọ̀dọ́ tí ebi lé jáde sí títì láti fi ẹ̀hónú hàn wà ní àtìmọ́lé níbẹ̀, àwọn obìnrin alásàlátù Abúlé Òkúta sì máa ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Rọ̀kíbátù ló ń bu ìrẹsì.

"Ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó gba abọ́."

"Mo ti fọ̀ ọ́. Atẹ̀wé ni mí. Aládùúgbò mi ni mo wá gba béèlì rẹ̀." Ó wo kúlà ńlá tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ọkọ yín kì í bá yín gbé èyí ni?"

"Mi ò lọ́kọ."

"Alihamdulilahi!" Ó gbé kúlà náà lé èjìká. Àwọn ìyá alásàlátù bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Mùtíù lorúkọ rẹ̀. Fola Agoro ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn gbé oúnjẹ. Lọ́jọ́ tí àwọn ọlọ́pàá bá lé wọn tìrẹsì-tìrẹsì, òun àti Rọ̀kíbátù á jókòó sídìí ògiri mọ́sálásí. Obìnrin náà á sunkún díẹ̀.

"Búlúù mi, ṣé ohun tí à ń ṣe yìí wúlò?"

"Ó wúlò. Ìwọ sáà má fi omijé sí ìrẹsì náà, iyọ̀ rẹ̀ ti tó."

Ṣùgbọ́n Àlájì Sùrájù, bàbá Rọ̀kíbátù tó ń ta bátìrì mọ́tò ní Fádèyí, kò gbà kí Mùtíù fẹ́ ẹ. Nígbà ìjọba ológun, àwọn sójà wá mú àbúrò Àlájì nílé. Wọn ò rí i mọ́, wọn ò rí òkú rẹ̀ sin.

"Ọmọ dáadáa ni ọ́, Mùtíù. Ẹni tí wọ́n máa wá gbé ni mi ò lè fún lọ́mọ."

Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn alásàlátù fẹ́ tẹ ìwé ìléwọ́, láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé àwọn ọ̀dọ́ náà lọ sílé ẹjọ́. Rọ̀kíbátù ló gbé iṣẹ́ náà fún Mùtíù. Wọ́n pín in tán ni àwọn ọlọ́pàá wá gbé Mùtíù.

"Dárúkọ ẹni tó gbé iṣẹ́ náà wá, kó o máa lọ sílé," ni wọ́n wí fún un. Kò dárúkọ ẹnì kan.

"Èmi ni, Bàbá," Rọ̀kíbátù wí. "Mo fẹ́ lọ fara hàn."

"Dúró ná." Àlájì wọ agbádá, ó lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀.

"Kí ló dé tó ò dárúkọ ọmọ mi?"

"Bàbá, ẹ ò fẹ́ kí wọ́n gbé ẹni tí ẹ bá fún lọ́mọ. Ọmọ náà gan-an ni èmi ò fẹ́ kí wọ́n gbé." Mùtíù ti rù. "Ẹ má jẹ́ ó wá o. Tó bá wá, àsán ni ìyà tí mò ń jẹ. Ẹ sì sọ fún un kó fẹ́ ẹlòmíì. Wọn ò tíì dá ọjọ́ ẹjọ́ fún mi."

Àlájì bi í pé, "Ta ni yóò ṣe wákíìlì rẹ?"

Hashim, ẹ̀gbọ́n Mùtíù, ló ṣe é. Wákíìlì ni aṣojú tí ẹ̀sìn fàyè gbà pé kó gba ìyàwó fún ọkọ tí kò lè wá. Ní mọ́sálásí, Àlájì di ọwọ́ Hashim mú.

"Mo fi ọmọ mi, Rọ̀kíbátù, fún Mùtíù."

"Mo gbà á fún Mùtíù."

Àáfà ṣàdúrà, wọ́n ṣàmín, ibẹ̀ sì pa rọ́rọ́. Ta ló fẹ́ kọrin níbi ìgbéyàwó tí ọkọ ti wà lẹ́wọ̀n?

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ò ní kọrin fún mi ni?" Rọ̀kíbátù bi wọ́n. "Ṣé ká jẹ́ kí wọ́n gba ìyẹn náà lọ́wọ́ wa ni?"

Òun fúnra rẹ̀ ló dá orin ìyàwó. Ó kọ ọ́ dáadáa títí ó fi kan ibi tí wọ́n ti ń dárúkọ ọkọ. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti já.

"Mùtíù," ni bàbá rẹ̀ kọ, gbogbo àwọn obìnrin náà sì gbè é.