Ẹ Dárúkọ Wọn

Nígbà tí mo ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ọjọ́ ogbó tó gbé mi dé Sydenham, ẹnu ọ̀nà èmi àti Àsúmáù kọjú síra. Bó bá din dòdò, tèmi kì í gbẹ́yìn.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn nínú yàrá kan ṣoṣo. Ògiri yàrá náà kì í gbẹ. Ó ti bu, ó dúdú dé fèrèsé. Rahmah, àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ikọ́ fée sì ń bá a jà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi wà lọ́dọ̀ Àsúmáù nígbà tí ọkùnrin ará Kẹ́ńyà kan tó ń jẹ́ Boaz kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìwádìí ló ń ṣe: iye èèyàn tó ń gbé inú ilé, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí, àìsàn tó ń ti ibẹ̀ wá. Ó ní òun ti ṣe irú rẹ̀ láwọn abúlé etí adágún ní Kisumu. Ó ní ilé tí ìwádìí náà bá fi hàn pé ó tutù, tí èrò sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, làwọn onílé wa máa kọ́kọ́ tún ṣe.

"Mámà, ọmọ mélòó ló ń sùn níbí?"

Àsúmáù yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tó ń bi mí?"

"Má dá a lóhùn," ni mo fi Yorùbá sọ. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣé adìyẹ ni wọ́n?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó sọ fún Boaz pé, "Méjì."

Boaz wo ẹnu ọ̀nà. "Bàtà yìí mà pọ̀, Mámà."

"Tàwọn àlejò ni," ni èmi àgbàlagbà fi dá a lóhùn.

Ó kọ méjì sílẹ̀.

Wọ́n tún ilé mẹ́rin ṣe kí òtútù tó dé. Ti Àsúmáù ò sí níbẹ̀. Ní oṣù Janúárì, wọ́n gbé Rahmah lọ sí ọsibítù. Kò padà wálé.

Ọjọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ ikú rẹ̀ ni Boaz tún dé, fún ìbéèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì. Kò mọ nǹkan kan. Ó rí bàtà rẹpẹtẹ lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Àlejò tún ni, Bàbá?"

Mo sọ fún un. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi náà, wọn kì í ka ọmọ," ló wí. "Nígbà tá a rí i bẹ́ẹ̀, a yí ìbéèrè padà. Ìyá á dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa la ó máa kà. Ẹ ò ṣe sọ fún mi? Èmi náà ò ṣe bèèrè bẹ́ẹ̀?"

Mo ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ó wọlé, ó kí Àsúmáù kú ọ̀fọ̀, ó ṣí ìwé rẹ̀. "Mámà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ wọn."

"Yaqub. Bàrákàt. Làtíìfù. Abdulbasit."

Ẹnu rẹ̀ ṣì là fún orúkọ karùn-ún. Boaz gbé bírò dúró, ó ń retí. Ìgbà tó yá, ó fi ìlà sábẹ́ ẹ̀kẹrin.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí aṣèwádìí bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ ní kó fi káàdì rẹ̀ hàn yín, ẹ bi í ní ohun tó fẹ́ fi èsì yín ṣe. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sọ òtítọ́ fún un. Bí ẹnu yín ò bá gbà láti ka ọmọ, ẹ dárúkọ wọn, gbogbo wọn. Ẹ ya fọ́tò ògiri tó bá ń bu, kí ẹ kọ̀wé sí onílé. Ọmọ tí èémí rẹ̀ bá ń dún fée, ẹ gbé e lọ rí dókítà; ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ti tún yàrá yẹn ṣe. Mo gbọ́ pé ògiri rẹ̀ ti gbẹ.