Dáìsì Tó Wà Lófuurufú

Èyí kì í ṣe àlọ́, torí kò lórin tí ẹ óò máa gbè. Ó ṣẹlẹ̀. Ilé tó ti ṣẹlẹ̀ ṣì wà. Tọkọtìyàwó tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì ń gbé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n, wọn ò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń retí kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kó tètè máa lọ, torí èmi náà ò mọ̀ ọ́n.

Eléyín làwọn èèyàn ń pe ọkọ yìí, torí eyín àtọwọ́dá ló ń ṣe fáwọn akáyín, nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ọwọ́ tó fi ń ṣe eyín náà ló fi ń kun àwọn ère ọmọ ogun tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ, tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi ń ta eré ogun lórí tábìlì láti ìgbà èwe wọn. Páálí ni wọ́n fi ṣe òkè, gíláàsì ni wọ́n fi ṣe odò. Àwọn aládùúgbò ń fi wọ́n ṣẹ̀sín pé àgbàlagbà méjì ń fi bèbí ṣeré. Kò kàn wọ́n. Ìwé ìròyìn olóṣooṣù kan ló kọ́ wọn ní gbogbo rẹ̀: bí a ti ń to ogun, bí a ti ń kun ojú ọmọ ogun kó má baà dà bí ẹni tó ń sunkún. Kò sóṣù tó jáde tí wọn ò rà á.

Ojú ẹ̀gbọ́n kì í mọ àwọ̀ ewé yàtọ̀ sí pupa. Àwọn bàtà tó rò pé òun kùn ní àwọ̀ awọ, àwọ̀ ewé ni gbogbo wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé koríko làwọn èèyàn yín wọ̀ sẹ́sẹ̀ ni?"

"Ìwọ ṣáà máa jà. Bàtà kọ́ ló ń jagun."

Dáìsì wọn ló tún wá burú jù. Ìwé ìròyìn yẹn ló fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́: àwọ̀ ewé, àmì pupa. Lójú ẹ̀gbọ́n, kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Nítorí náà òun a ta á, àbúrò a kà á fún un. Wọn ò ra òmíràn. Ẹ̀gbọ́n ní èyí ló mọ́ òun lọ́wọ́. "Ìwọ lojú mi," ni ó máa ń wí. "Má sì purọ́ fún mi o."

Àìsàn dé. Ogun tí wọn ò tíì jà tán ṣì wà lórí tábìlì nílé Eléyín.

"Èmi ló kàn," ni ẹ̀gbọ́n wí lórí ibùsùn. "Má tú u ká."

Ó kú lọ́jọ́ kejì. Eléyín fọwọ́ ara rẹ̀ kó àwọn oníbàtà ewé sínú pósí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ òkú, àtàwọn àti dáìsì náà. Ó fi bọ́tìnnì rọ́pò wọn lórí tábìlì. Wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó ra ìwé ìròyìn náà kí ọwọ́ rẹ̀ má baà ṣófo. Ó ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti máa ń tẹ fọ́tò ogun àwọn òǹkàwé. Ó rí bàtà ewé. Ó rí òkè páálí kan náà. Àwọn ẹlẹ́ṣin ti yí gba ẹ̀yìn òkè, bí ẹ̀gbọ́n ti máa ń ṣe.

Ó sún àwọn bọ́tìnnì síbi tí fọ́tò fi wọ́n sí, lẹ́yìn náà ó sún àwọn ọmọ ogun tirẹ̀. Lóṣù kejì, fọ́tò míì dá a lóhùn.

Ó fi han ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó wò ó títí, ó sì pa ìwé náà dé.

"Bàtà wọn nìyẹn."

"Àwọn ni."

"Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sin wọ́n. Ẹ má fi hàn mí mọ́."

Báyìí lọdún ń gorí ọdún. Ẹ̀rù bà á lóòótọ́, pàápàá nígbà tí ilẹ̀ inú fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tó ń rin, tí gbòǹgbò tín-ín-rín ń gba àárín ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ogun kọjá. Ṣùgbọ́n ayọ̀ rẹ̀ ju ẹ̀rù lọ. Ẹ̀gbọ́n ò tíì lọ tán. Bí oṣù bá ti parí, Eléyín a máa sáré lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn bí ẹni tó ń lọ gba àlejò.

"Èyí ni àkẹ́yìn, sà," ni ẹni tó ń ta ìwé náà wí lọ́jọ́ kan.

"Àkẹ́yìn tòní?"

"Àkẹ́yìn pátápátá. Wọ́n ti kógbá sílé. Fóònù làwọn èèyàn ń wò báyìí."

Ojú ọ̀nà ló ti ṣí i. Olóòtú kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti ń ra ìwé náà bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Eléyín fò ó. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, àwọn oníbàtà ewé ti jáde síta gbangba. Gbogbo wọn kọjú sí ogun rẹ̀. Lókè orí wọn, dáìsì wà lófuurufú. Kò tíì balẹ̀.

Ó ye é. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìrìn lásán ni ẹ̀gbọ́n ń mú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ rìn, torí ìrìn ò béèrè dáìsì. Ìkọlù ló ń béèrè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti mọ̀ pé ìwé náà ti parí. Ó ti kọlù, kò sì sẹ́ni tí yóò ka dáìsì fún un.

Ó pe iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn náà. Obìnrin kan gbé e. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wọ́ àga nílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ ẹyọ kan sí i. Ojú ewé tó kẹ́yìn nìkan."

"Ìpolówó ọ̀dà yẹn, sà?"

"Fọ́tò ogun."

"Ó ti pẹ́ tá a ti yọ fọ́tò ogun kúrò, sà. Ìpolówó ọ̀dà ló ń wà níbẹ̀. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó dun ọ̀pọ̀ èèyàn."

Eléyín gbé fóònù sílẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Oṣù tí kò sí ìwé kankan dé. Ọ̀sán gangan ni, kì í ṣe òru, oòrùn ń ràn lójú fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀ jáde láti ilé ìdáná wá bá a nídìí tábìlì ogun.

"Kí ló já bọ́?"

"Nǹkan kan ò já bọ́."

Wọ́n tẹ́tí. Ìgbà náà ni wọ́n jọ gbọ́ ọ, nínú pákó tábìlì, tàbí lábẹ́ rẹ̀, tàbí nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ohun kékeré kan yí gbirigbiri. Ó dúró. Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ẹni tó ń retí èsì ni.

Ó tún yí. Ó tún dúró.

"Ẹ kà á fún wọn," ni ìyàwó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mi ò rí i."

"Ẹ ṣáà sọ nǹkan kan."

Eléyín fi ẹnu kan pákó. "Mẹ́fà ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti borí."

Lójú ẹsẹ̀ ó yí, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹni fi ìbínú jù ú. Ẹ̀gbọ́n mọ irọ́ àbúrò rẹ̀.

"Mi ò rí i, ẹ̀gbọ́n. Ẹ dárí jì mí. Mi ò rí i."

Ó yí. Ó dúró. Ó ń retí.

Wọ́n gbé tábìlì lọ sí yàrá kejì, ìró náà tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé e padà. Báyìí, bí Eléyín bá ti ibi iṣẹ́ dé, kì í bọ́ bàtà kó tó lọ fi etí lélẹ̀ lórí pákó. Àwọn akáyín ti ń dá eyín padà fún un, pé kò bá ẹnu àwọn mu mọ́.

"Ó ń pẹ́ kó tó dún báyìí," ni ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Ó ti ń rẹ ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé kò yẹ kí wọ́n sinmi ni?"

Ìyàwó fa àga, ó jókòó tì í. Wọ́n retí, retí, títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò dún. Ìyàwó fọwọ́ kàn án léjìká pé kó dìde wá jẹun. Eléyín ò gbé etí rẹ̀ kúrò.