Bùkínà Fasò Kò Sí Nínú Máàpù Wa

"Bùkínà Fasò dà?"

Bàbá Akínṣọlá káfíńtà ni mo bi. Ó ń ha ọ̀dà tó gbẹ mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá a gbé àpò igi wá yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ti to máàpù Áfíríkà sórí tábìlì ilé ìwé wa ní Omifunfun, igi kan fún orílẹ̀-èdè kan, gbogbo rẹ̀ sì pé, àfi ihò kan ní ìwọ̀-oòrùn.

Àgùnbánirọ̀ ni mí nígbà náà. Máàpù yẹn, tí àwọn ọmọ lè tú kí wọ́n tún tò, ni iṣẹ́ ìlú tí mo gbọ́dọ̀ ṣe kí n tó gba ìwé ẹ̀rí. Bí nǹkan kan bá sì ṣẹ́ kù tí n kò rí i, ara mi kì í balẹ̀.

Oríyọmí ni orúkọ ọmọbìnrin náà, ọmọ káfíńtà. Ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ilé ìwé wọn kò ní jẹ́ kó ṣe ìdánwò àṣekágbá bí kò bá kọ́kọ́ fi ọgbọ̀n ọjọ́ sin ìlú, Omifunfun ni wọ́n sì yàn fún un. Lọ́jọ́ kejì, ó wá wọn ìwúwo àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo tún béèrè.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tíṣà yìí, ẹ ò tiẹ̀ kí èèyàn kẹ́ ẹ tó béèrè Bùkínà."

Ẹ̀rín yẹn ló mú mi. Kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé, "Waheed mi" ló ń pè mí.

Ọjọ́ kan la jókòó síwájú ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n sá kòkó sí, ló bá sọ ọ́ fún mi. Àbúrò ìyá rẹ̀, Toyibat, ń tajà ní Bùkínà Fasò. Àwọn agbésùnmọ̀mí ti lé e kúrò nílé lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ rẹ̀ sì kú lójú ọ̀nà nítorí pé kò sí ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀. Àjọ kan ń wá nọ́ọ̀sì tí yóò tọ́jú irú àwọn tó ń sá yẹn. Ó fẹ́ lọ tó bá ti jáde. Ó ti sọ fún bàbá rẹ̀, àtìgbà yẹn ni bàbá kò ti bá a sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́.

Mo rò ó, mo ní ìdáhùn ìbéèrè mi nìyẹn. Inú ló bí bàbá, ó fi igi Bùkínà dáná.

Èdè Faransé ni wọ́n fi dán àwọn tó fẹ́ lọ wò, orí fóònù. Bí àlọ́ ni mo kà á sí. Mo gbọ́ Faransé, mo jókòó tì í, mo ń tú àwọn ìbéèrè náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, inú mi ń dùn. Ìgbà tí wọ́n kọ̀wé pé ó yege ni ẹ̀rù tó bà mí.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, a yà kí bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ní Odigbo. Bàbá yìí ní àṣà kan: bí ọmọ rẹ̀ bá rìnrìn àjò, á so nǹkan kan kọ́ sí ìṣó tó wà lókè ilẹ̀kùn títí ọmọ yóò fi dé. Bàtà Ọlásúnkànmí, ẹ̀gbọ́n Oríyọmí tó wà ní Port Harcourt, ń bẹ níbẹ̀. Oríyọmí wo òkè títí. Bàtà yẹn àti àjákù pákó kan ló rí.

Ó sunkún dé gáréèjì Ore. "Kò so nǹkan kan kọ́ fún mi. Ó ti kà mí mọ́ òkú."

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní tó bá dé, a ó ṣègbéyàwó.

"Ṣé wàá ṣì wà ńbí?"

"Ibí ni wàá bá mi, olólùfẹ́ mi."

Mo parí ìsìnlú, mo sì gba iṣẹ́ tíṣà ní Ore nítorí rẹ̀. Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn tó lọ, rédíò ní àwọn agbésùnmọ̀mí ti ya wọ ìlú tó wà. Mo pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Mo tún pè é títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ sí Odigbo bí ilé ìwé bá ti jáde. Bí ọ̀kadà bá ti dúró níta, Bàbá Akínṣọlá á dáwọ́ pákó tó ń fá dúró. Bí ọ̀kadà bá lọ, á tún máa fá a.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọkàn mi kò gbà á mọ́. "Bàbá, èmi ni mo bá a ṣe ìdánwò yẹn."

"Mo mọ̀. Ó sọ fún mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí mi lẹ́bàá ilẹ̀kùn. "Jókòó." Orí àpótí yẹn ni mo ń jókòó sí lójoojúmọ́, tí àwa méjèèjì ń bẹ̀rù, tí a kò sì lè sọ ọ́ síta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹsàn-án, ọ̀kadà kan dúró. Bàbá dáwọ́ dúró. Ọ̀kadà náà lọ, ṣùgbọ́n bàbá kò fá pákó mọ́.

Oríyọmí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbẹ, erùpẹ̀ bo gèlè rẹ̀. Ó ní àwọn kó àwọn aláìsàn sá gba inú igbó, pé wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo àwọn lọ́nà. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀.

Bàbá gbé e dìde. Ó ní kí n kúrò lórí àpótí. Ó gùn ún, ó na ọwọ́ sókè, ó fo bàtà Ọlásúnkànmí, ó sì já àjákù pákó yẹn wálẹ̀. Ó fẹ́ eruku orí rẹ̀.

"Ọjọ́ tí mo ń gé e ló sọ fún mi pé ibẹ̀ lòun ń lọ," ó ní. "Mi ò lè fi ibẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ títí yóò fi padà dé. Waheed, gbà. Ẹ jọ lọ fi sáyè ẹ̀, kí àwọn òbí ẹ sì wá rí mi."

Mo yí i padà. Ọ̀dà pupa tí èmi fúnra mi yàn wà lára rẹ̀. Abẹ́ Bùkínà Fasò ni mo ti ń jókòó láti ọjọ́ yìí.