Ta Ló Ba Jíà Màmá Jẹ́?

"Ẹ wá fi ojú ara yín rí i." Mẹkáníìkì na ìka méjì sójú oòrùn. Òróró dúdú ló bo ìka náà, èérún irin wẹ́wẹ́ sì ń kọ mànà nínú rẹ̀. "Òróró jíà kì í rí báyìí. Pupa ló yẹ kó jẹ́."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀ bí ẹni tí òjò ń lé. Bàbá rẹ̀ ká ọwọ́ gbera.

Baba Jíà ni gbogbo àdúgbò ń pe mẹkáníìkì yìí. Ó nu ọwọ́ mọ́ àkísà. "Ọ̀nà méjì ló wà. A lè tú jíà yìí, ká pààrọ̀ ohun tó ti jẹ nínú rẹ̀, ká tún un tò. Ìyẹn ò wọ́n jù. A sì lè yọ ọ́ dànù, ká wá òmíràn fi sí i. Owó gidi nìyẹn. Ohun tó ṣe é ló máa sọ èyí tó yẹ. Ṣé ẹ rí i, mọ́tò tó ń yí jíà fúnra rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló ń bá a fa òróró. Tẹ́ ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, tẹ́ ẹ wá fi okùn wọ́ ọ, gbígbẹ ni jíà á máa yí, á sì jóná ráúráú. Ṣé ẹ wọ́ ọ rí?"

"Rárá o," ni màmá dáhùn. "Èmi nìkan ni mò ń wà á."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ̀ pé wọ́n ti wọ́ ọ rí. Ní ọjọ́ tí àwọn òbí rẹ̀ lọ kí aláìsàn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹnu lásán ló fi ń wa ọkọ̀. Ló bá mú kọ́kọ́rọ́. Wọ́n kọrin jáde nílùú. Epo tán mọ́ wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló fi okùn so mọ́tò náà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tirẹ̀, tó wọ́ ọ délé. Wọ́n tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. "Ta ló tún kù? Ẹni tó kọ́ ọkọ̀ wíwà lẹ́yìn tí ewú ti bo orí! Ó ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni ń pa aáyán. Baba Jíà, ẹ tún un tò, jàre. Bí mo bá ra òmíràn, á pa ìyẹn náà."

Màmá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Bóyá lóòótọ́ ni," ó wí jẹ́jẹ́. "Bóyá ọwọ́ mi ò kàn ṣe é ni."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ la ẹnu. Ó tún pa á dé.

Wọ́n tún jíà náà tò. Màmá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ àdúgbò lọ sílé ìwé láràárọ̀, iṣẹ́ tó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n kò kọrin mọ́ nídìí ọkọ̀. Gbogbo ìgbà ló ń bi Pẹ́lẹ́ńgẹ́ pé, "Ṣé mo tẹ̀ ẹ́ jù?" Ọmọ náà á ní, "Rárá, mà," á sì kọjú sí fèrèsé.

Kò pẹ́ tí jíà tún fi kọṣẹ́ lórí òkè. Mọ́tò ń fi ẹ̀yìn rìn, àwọn ọmọ ń ké. Ọpẹ́lọpẹ́ bíréèkì. Kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, gbogbo òbí ti ní àwọn yóò wá ẹlòmíràn. Màmá gbé kọ́kọ́rọ́ síwájú bàbá. "Ẹ tà á. Mi ò wa ọkọ̀ mọ́ láyé."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dojú bolẹ̀. "Màmá, èmi ni! A fi okùn wọ́ ọ. Èmi ni mo bà á jẹ́!" Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí Baba Jíà gbọ́, ó káwọ́ lérí. "Àṣé làpálàpá ni mò ń pa, tí mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀! Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò ní tú u rárá. Òmíràn ni ǹ bá ní kí ẹ rà."

Bàbá ò lè wo ojú aya rẹ̀. "Ìyá ọmọ mi, ẹ̀bi mi ni. Màá ra òmíràn. Ìwọ ni o ó sì máa wà á."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń retí ìgbátí. Màmá ò gbé ọwọ́. "Jíà wà lọ́jà," ó wí. "Ṣùgbọ́n o gbọ́ tí mo ń bú ara mi, o sì dákẹ́." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbátí ì bá sàn.

Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó rán Pẹ́lẹ́ńgẹ́ níṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló jáde. Ó ti wá yé e pé ẹni tó bá ṣe àṣìṣe tó sì dákẹ́, orí ẹlòmíràn ló gbé ẹrù rẹ̀ kà, ó sì di dandan kó lọ sọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn ilé àkọ́kọ́ nínú ilé àwọn ọmọ tí màmá rẹ̀ ń kó lọ sílé ìwé tẹ́lẹ̀. Ìyá kan tó gbé ọmọ pọ̀n yọjú, ó lejú.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. "Màmá mi mọ ọkọ̀ wà. Èmi ni mo ba jíà wọn jẹ́."