Apá Ẹ̀wù Tí Kò Tíì Dé Orí Ẹ̀rọ

"Ẹ má jẹ́ kó wọlé!"

Fèrè ló pariwo bẹ́ẹ̀. Nítorí ohùn rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Fèrè nílé ìwé. Gbogbo ọmọ tó ń kun pátákó ìpolongo ilé ìkàwé nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ gbójú sókè. Bàbá onígbàjámọ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká fìlà rẹ̀ sọ́wọ́, kò wọlé, kò sì padà.

Ọmọbìnrin ìyá aránṣọ tó ni ṣọ́ọ̀bù náà mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn fẹ́ sọ ilé ìkàwé àdúgbò di ìsọ̀, òun ló gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta, tó ń kígbe pé ìsọ̀ ló dára, oníbàárà yóò pọ̀. Ìyá ọmọ yìí ló ṣáájú àwọn tó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ilé ìkàwé. Bàbá náà sì pe ìyá náà ní "abẹ́rẹ́ tó fẹ́ di ọ̀kọ̀." Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà sunkún lọ́jọ́ yẹn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni bàbá náà wí. "Mi ò tíì sọ pé mo ti wà lẹ́yìn yín o. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn."

"Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ!" ni Fèrè wí.

"Fèrè, àgbà ni o ń bá sọ̀rọ̀," ni ìyá aránṣọ wí láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀.

Fèrè na fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ sí ọmọbìnrin náà. "Kó sọ ọ́ síbí pé irọ́ lòun pa. Ìyá ẹ ló bú. Ìwọ ni kó o sọ fún un."

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Bó bá ṣàánú bàbá yìí, ọ̀dàlẹ̀ ni wọn yóò pè é. Lọ́la ni ìpàdé tí gbogbo àdúgbò yóò ti nawọ́ sókè, bóyá kí ilé ìkàwé wà tàbí kó lọ. Ìdánwò àṣejáde wọn sì ń bọ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ tó ti ilé ìkàwé náà, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń rí iná kàwé. Ó gba fóònù.

"Ẹ sọ ọ́ síbí, bàbá. Kí aráyé gbọ́."

Ojú bàbá náà le. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. Ó dé fìlà rẹ̀, ó yíjú padà.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ara ọmọbìnrin náà kò lélẹ̀. Ó fa ẹ̀wù kan tó wà lórí tábìlì mọ́ra, kó lè dà bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ó fà á jù. Apá ẹ̀wù náà já sí i lọ́wọ́.

Ìyá rẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró. "Kí ni mo sọ fún ẹ láàárọ̀? Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni mo fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kò tíì dé orí ẹ̀rọ. Ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀, ṣé fífà là ń fà á?"

Ọmọ náà wo apá ẹ̀wù. Ó wo ẹ̀yìn bàbá tó ń lọ lójú títì. Ọ̀rọ̀ yé e. Ó gbé fóònù lélẹ̀.

"Bó o bá tẹ̀ lé e, má padà wá bá wa jókòó mọ́," ni Fèrè wí.

Síbẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ló ti bá a, ló bá kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ padà wá. Ohun tí ẹ ò bá fẹ́ sọ, ẹ ò ní sọ ọ́."

"Ìyá ẹ ńkọ́? Mo mọ ohun tí mo pè é."

"Ẹ wá bi wọ́n fúnra yín."

Nígbà tí wọ́n wọlé, ìyá aránṣọ gbé abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sókè. "Bàbá, ẹ wò ó, kò tíì di ọ̀kọ̀. Ẹ jókòó, a kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí."

Ẹ̀rín pa bàbá náà. Ọmọbìnrin náà fún un ní àga tirẹ̀.

"Látìgbà tí wọ́n ti ti ilé ìkàwé náà," ni bàbá náà wí, "orí bẹ́ńṣì mi làwọn ọmọ ti ń kàwé. Mò ń gẹ irun, ẹ̀rọ ń pariwo. Ọmọ kan ki ìka bọ etí méjèèjì, ó ń kàwé lọ. Ojú tì mí. Mo ṣì fẹ́ ìsọ̀ o. Àmọ́ kó má jẹ́ níbẹ̀."

Fèrè àti àwọn kan dìde, wọ́n jáde. Ó dun ọmọbìnrin náà, nítorí ọ̀rẹ́ ni òun àti Fèrè láti kékeré. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àga wọn kúrò.

Lọ́jọ́ kejì, nínú gbọ̀ngán, ọwọ́ ń lọ sókè fún ilé ìkàwé. Kò tó. Alága ti fẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí onígbàjámọ̀ dìde.

"Mi ò gba gbogbo ohun táwọn èèyàn yìí ń wí. Ṣùgbọ́n lórí ilé ìkàwé, àṣìṣe ni mo ṣe. Ọwọ́ mi rèé."

Káfíńtà tó máa ń gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀ nawọ́ tẹ̀ lé e. Àwọn awakọ̀ nawọ́. Gbogbo ẹni tó ti jókòó lórí bẹ́ńṣì rẹ̀ rí nawọ́. Níkẹyìn, Fèrè, tí ìbínú àná kò jẹ́ kó nawọ́ tẹ́lẹ̀, náà nawọ́, ó ń wolẹ̀.

Alága kà á, ó tún un kà. "Ilé ìkàwé dúró!"

Nínú ariwo náà, onígbàjámọ̀ nàka sí ọmọbìnrin aránṣọ. "Ọmọ yìí ló sáré tẹ̀ lé mi. Bí kò bá sáré ni, mi ò ní wá."

"Ọmọ tèmi nìyẹn," ni ìyá rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ ga ju ti Fèrè lọ. Orí ọmọ náà wú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí èrò rẹ̀ padà, ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Ẹ fún un lága, kí ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá fi ipá fà á, yóò já. Iṣẹ́ ojo kọ́ ni èyí o. Ẹni tó láyà ló ń ṣe é.