Ẹni Tó Wà Nínú Mofuri

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà, kó dé ìlú Onomichi ní Japan, kó bi àwọn ará etíkun.

Morihiro ayàwòrán ló ń lérí fáwọn akọ̀ròyìn lọ́sàn-án ọjọ́ àfihàn àwòrán rẹ̀. "Ẹ má bi mí pé ta ló wà nínú Mofuri. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Ohun tí èmi bá yà, fúnra rẹ̀ ló ń mí."

Mofuri, ẹ̀dá inú àwòrán rẹ̀, rí róbótó bí ìkùukùu, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ojú rẹ̀ tó àwo ìjẹun. Ó wà lára ife, lára aṣọ ìnura, lára àwòrán gbàgàdà tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri ilé àfihàn. Àgbà ọkùnrin tó le koko a rí i, a rọ̀ wọ̀ọ̀. Ṣùgbọ́n Mofuri tó ń rìn, tó ń dì mọ́ àwọn ọmọdé lẹ́nu ọ̀nà, Chizuru àbúrò Morihiro ló gbé aṣọ rẹ̀ wọ̀. Gbogbo ìlú mọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́. Ó dà bíi kéèyàn bú ìyá oníyàá. Onítìjú ni Chizuru. Inú Mofuri nìkan ló ti lè dì mọ́ èèyàn.

Oòrùn mú. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kan jáde látinú aṣọ náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ooru yìí pọ̀. Ẹ jẹ́ n sinmi díẹ̀."

Àwọn akọ̀ròyìn ń wò. Morihiro rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ṣebí kò sẹ́ni níbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohùn náà dákẹ́.

Mofuri ń juwọ́ títí wọ́n fi ti ilé àfihàn. Morihiro mú un wọ yàrá ẹ̀yìn.

"Má bínú, jàre. Mo ti ra yìnyín aládùn fún ẹ."

Ó fa síìpù ẹ̀yìn aṣọ náà. Ó wò ó. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé èjìká. Inú rẹ̀ gbẹ. Ó ṣófo.

Mofuri kò ṣubú. Ó yíjú padà wẹ́rẹ́, ó sì rọra ń fọwọ́ tù ú lẹ́yìn, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ìyá wọn dé nírọ̀lẹ́. "Mori, àbúrò ẹ dà?"

Morihiro yíjú sí Mofuri. Ó nàka sí i. Ìyá wo ojú ńlá méjèèjì náà pẹ́. Mofuri dì mọ́ ọn.

"Ara rẹ̀ gbóná," ni ìyá wí. "Bu omi wá."

Ọlọ́pàá wá inú òkun, wọ́n wá orí òkè. Wọn ò rí Chizuru.

Morihiro kò ya nǹkan kan mọ́. Tí oòrùn bá ti ń mú, yóò gbé àga sábẹ́ ibòji fún Mofuri, yóò gbé ife tíì tútù kan sí i lẹ́sẹ̀, yóò máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Kì í dúró kó kọ́kọ́ bẹ òun.

Bí oòrùn bá wọ̀, ife náà á ti gbẹ.