Ọpẹ́ Tí Débọ̀ Kò Lè Túmọ̀

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, má tíì ká a sápò. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ kì í ṣe olè, kò sì sùn sínú gọ́tà rí. Ọmọ rere ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí nílé. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro rẹ̀ wà.

Débọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìkìrun. Láti kékeré ló ti mọ dùùrù tẹ̀ débi pé àwọn àgbà ìjọ máa ń mirí fún un. Lọ́dún 1998, ó gbọ́ pé ìjọ kan ní Banjul, nílẹ̀ Gambia, ń wá atẹdùùrù. Ìjọ ilé gbàdúrà fún un, wọ́n sìn ín dé ibùdókọ̀. Ìgbà tó fi máa débẹ̀, wọ́n ti rí ẹlòmíràn, bàbá àgbàlagbà kan.

Ṣé kò yẹ kó kọ̀wé sílé pé iṣẹ́ náà ti bọ́? Ojú tì í. Ó kọ̀wé pé òun ti gba iṣẹ́. Ó rò pé irọ́ oṣù kan péré ni, títí òun yóò fi rí nǹkan ṣe. Irọ́ náà di ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Iṣẹ́ tó rí ni kíbọ́ọ̀dù títẹ̀ nílé ọtí òtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun, ní apá Kombo, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń wá yá oòrùn. Ó ń tẹ orin fún wọn, ó ń bá wọn mu. Nígbà tó yá, kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ àfi tó bá kọ́kọ́ mu. Òun àti Naffie, ọmọbìnrin ìlú náà, jọ ń gbé láìṣègbéyàwó, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan.

Ìyá Débọ̀ kò mọ Naffie, kò mọ ọmọ. Àwòrán kan ló mọ̀, èyí tí Débọ̀ ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ akọrin, tó jókòó sídìí dùùrù. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Olútúndé, tíṣà kan nílé ẹ̀kọ́ Crab Island ní Banjul, tó ń kọrin nínú ìjọ tí iṣẹ́ náà ti bọ́, ló ti yá aṣọ náà. Àwòrán yẹn wà lára ògiri pálọ̀ ìyá rẹ̀. Gbogbo Ọjọ́rú ni ìjọ ilé sì ń dárúkọ Débọ̀ nínú àdúrà, pé ìránṣẹ́ Ọlọ́run nílẹ̀ òkèèrè.

Àwọn àgbà ní purọ́ n níyì, ẹ̀tẹ́ ní í mú wá. Lọ́dún 2009, ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù.

“Débọ̀, ìjọ ti sanwó ọkọ̀ òfuurufú fún mi. Mò ń bọ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́, kí n tó kú.”

Ó sáré háyà yàrá kan sí New Town, láàárín Banjul, kí ìyá rẹ̀ má bàa dé Kombo. Ó ní kí Naffie àti ọmọ má ṣe wá sọ́dọ̀ òun fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Naffie wò ó títí. “Débọ̀, ṣé ẹrù olè ni èmi àti ọmọ mi?”

Débọ̀ gbéra, ó lọ bá Olútúndé.

“Bá mi bẹ pásítọ̀ yín, kó jẹ́ kí n tẹ dùùrù lọ́jọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo.”

“N kò ní bá ọ purọ́ fún Màmá,” ni Olútúndé wí. “Sọ òótọ́ fún wọn. Jésù tó kú fún ọ ṣáà mọ gbogbo rẹ̀, kò sì tìtorí ẹ̀ kọ̀ ọ́.”

“Ìwàásù ti tó. Ikú yá ju ẹ̀sín.”

“Ta ló sọ fún ọ pé o ò tíì kú?”

Débọ̀ bínú jáde.

Ìyá dé. Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi pé, Débọ̀ kò rọ́nà sá, ó mú un lọ sí ìjọ náà. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá Aku, ìyẹn ìran àwọn tó ti Freetown wá tẹ̀dó síbẹ̀ láyé àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, kí ìyá Débọ̀. “Kushe, Mama!”

Inú ìyá dùn. “Débọ̀! Ẹ kúuṣẹ́ ni wọ́n kí mi! Àṣé wọ́n gbọ́ Yorùbá!”

Lóòótọ́, Débọ̀ mọ̀ pé ìkíni àti orúkọ oúnjẹ díẹ̀ ló kù lẹ́nu wọn nínú èdè wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé irọ́ dání, gbogbo ìró ní í bà á lẹ́rù.

Nígbà tí ìyá rí bàbá àgbàlagbà yẹn nídìí dùùrù, ó béèrè ẹni tó jẹ́.

“Wọ́n ń bá mi di àyè mi mú ni, Màámi. Wọ́n fún mi nísinmi nítorí yín.” Inú ilé Ọlọ́run ló ti sọ ọ́, kò sì ṣẹ́jú.

Pásítọ̀ ní kí àwọn àlejò dìde. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ìyá kò sì gbọ́ ọ. Ó ní òun fẹ́ dúpẹ́. Olútúndé ti ń dìde láti ṣe ògbufọ̀ nígbà tí Débọ̀ fò síwájú. Ó mọ ohun tó ń sá fún.

“Ẹ̀yin ará,” ni ìyá wí, “Ọlọ́run gbé mi gba ojú òfuurufú, ó sọ̀ mí kalẹ̀ ní àlàáfíà.”

Débọ̀ túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí.

“Ọdún mọ́kànlá rèé tí ẹ ti fi ọmọ mi ṣe atẹdùùrù yín. Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀.”

Débọ̀ sọ fún ìjọ pé ìyá òun ní ìlú wọn dára, wọ́n sì lawọ́ sí àlejò. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìyá rò pé ọpẹ́ òun ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún, ayọ̀ kún inú rẹ̀.

Ló bá kúnlẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tí orúnkún ń dùn, kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níwájú pásítọ̀ tó lè bí lọ́mọ.

“Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, mo rò pé ọmọ yìí yóò bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ kò jẹ́ kó bàjẹ́. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun o.”

Pásítọ̀ wo Débọ̀. “Kí ni Mama sọ?”

Irọ́ tuntun ti wà létè Débọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló wà lórí ìkúnlẹ̀ yìí, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí kò ṣe é lóore kankan, nítorí ọmọ tó ti bàjẹ́ tán. Ìtìjú mú un. Ó wo Olútúndé. Olútúndé ti dijú, ó ń gbàdúrà.

Débọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ó túmọ̀ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ ọ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo purọ́ fún un.”

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún un ní Yorùbá: òtẹ́ẹ̀lì, ọtí, Naffie, àti ọmọ ọdún márùn-ún tó fi oríkì ìyá rẹ̀ pè, Àyọ̀kẹ́.

Ìyá kò sunkún.

“Ta wá ni mo ti ń gbàdúrà fún látọdún mọ́kànlá yìí?”

Olútúndé wá kúnlẹ̀ tì í. “Màmá, ẹni tó wà nílé ọtí yẹn ni Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà náà fún. Kò mọ èkejì.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Débọ̀ dé egungun. Ó ti ń rò pé Débọ̀ inú àwòrán nìkan ni Ọlọ́run lè fẹ́. Àṣé òun gan-an, pẹ̀lú ọtí lẹ́nu, ni Jésù kú fún. Lórí sìmẹ́ńtì níbẹ̀, pẹ̀lú ikun àti omijé, ó ní, “Jésù Olúwa, èmi gan-an rèé. Gbà mí.” Jésù sì gbà á.

Má rò pé ìtìjú rẹ̀ parí lọ́jọ́ náà o. Odidi ọjọ́ méjì ni ìyá rẹ̀ kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kẹta ló ní, “Ó yá, mú mi lọ wo Àyọ̀kẹ́.” Débọ̀ fi òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, ó rí iṣẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ ẹnìkan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté. Ó lọ tọrọ Naffie lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Bàbá Naffie ní, “Àṣé o mọ ọ̀nà ilé wa?” Débọ̀ dorí kodò.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó lọ sí Ìkìrun, ó dúró níwájú ìjọ, ó jẹ́wọ́. Àwọn kan pòṣé, wọ́n jáde. Ní Banjul pàápàá, kò sẹ́ni tó fi í ṣe atẹdùùrù. Ìwé orin ló ń ṣí fún bàbá àgbàlagbà náà. Ṣùgbọ́n ó ti ń sùn lóru, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ńkọ́? Bóyá o kì í mutí. Bóyá ìwọ lo tiẹ̀ ń gbé igbá ọrẹ kiri ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan ń dúpẹ́ lórí rẹ lónìí fún ìwà tí o kò ní, o sì ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ó ti rẹ̀ ọ́, mo mọ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. A ó dúró níwájú Ọlọ́run, kò sì ní sẹ́ni tí yóò bá wa yí ọ̀rọ̀ náà padà níbẹ̀. Má dúró dìgbà náà. Má sọ pé kí n kọ́kọ́ tún ara mi ṣe ná. Bí o ṣe wà yẹn, níbi tí o jókòó sí, pe Jésù lónìí. Ohun tí o kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí, sọ ọ́ fún un. Kò ní yà á lẹ́nu.